Ìlàjà Láàárín Tọkọtaya: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mùsùlùmí Mọ̀ Kí Ìkọ̀sílẹ̀ Tó Dé, àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba tó dá wa ní takọtabo, tó sì fi ìfẹ́ àti àánú sáàárín tọkọtaya. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin àti obìnrin tó ti bímọ fún ara wọn kò lè ṣàì tún rí ara wọn. Wọ́n á pàdé lọ́jọ́ wòlímá ọmọ, wọ́n á pàdé lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, wọ́n á sì tún pàdé lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá ń sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìdílé Mùsùlùmí mọ ìlàjà dunjú, kí wọ́n sì mọ bí a ti ń ṣe é.

Ohun kan ni a fẹ́ kó yé gbogbo wa nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìlàjà kì í ṣe ọ̀nà láti fi ipá dá obìnrin padà sílé ọkọ, kì í sì í ṣe àbùkù fún ọkùnrin tó bá gbà láti jókòó. Iṣẹ́ ìlàjà ni kí àwọn méjèèjì fi ẹnu ara wọn ṣe àdéhùn tí wọ́n lè mú ṣẹ, yálà wọ́n fẹ́ padà máa gbé pọ̀ tàbí wọ́n fẹ́ pínyà.

Ẹ̀bẹ̀, ìlàjà àti ìdájọ́

A máa ń pe ohun mẹ́ta yìí ní orúkọ kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ni kí àgbà pe tọkọtaya jókòó, kó ní, "Ẹ fi ti àwa àgbà ṣe é," kí wọ́n ṣe dúà, kí oníkálukú sì máa lọ sílé. Èyí dára fún gbólóhùn asọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọkọ kò fún ìyàwó lówó oúnjẹ láti oṣù mẹ́jọ, ẹ̀bẹ̀ kò ní í sọ owó náà di wíwà.

Ìdájọ́ ni kí ẹlòmíràn gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, kó wá sọ ẹni tó jàre àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Adájọ́ kóòtù ń ṣe é, ìgbìmọ̀ Sharia náà sì ń ṣe é.

Ìlàjà wà láàárín méjèèjì. Onílàjà kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kì í sì í pàṣẹ. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń jẹ́ kí oníkálukú gbọ́ ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ ń sọ, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wá ibi tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì lè dúró. Bí wọn kò bá fẹnu kò, kò sí ohun tó kàn wọ́n nípá.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa

Nínú Súrà Nisáì, tí í ṣe orí kẹrin Àlùkùráánì, āyah 35, Ọlọ́hun pàṣẹ pé bí a bá ń bẹ̀rù ìyapa láàárín tọkọtaya, kí a yan ẹnì kan láti ìdílé ọkọ àti ẹnì kan láti ìdílé ìyàwó. Ó sì ṣe àdéhùn pé bí wọ́n bá gbèrò àtúnṣe, Òun yóò fi ìrẹ́pọ̀ sáàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun mẹ́ta níbẹ̀. Èkíní, nígbà tí a bá ti ń bẹ̀rù ìyapa ni àkókò rẹ̀. A kò ní kí a dúró dìgbà tí ìyàwó bá ti kó ẹrù jáde. Èkejì, ìdílé méjèèjì ló ní ẹni tiwọn níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó bí ẹni tí wọ́n kó sáàárín ọ̀tá. Ẹ̀kẹta, èrò àtúnṣe ló ń fa àánú Ọlọ́hun. Ẹni tó wá síbi ìjókòó láti wá gbẹ̀san kò tíì mú májẹ̀mú rẹ̀ ṣẹ.

Àwọn onímọ̀ yapa lórí agbára tí àwọn méjì yìí ní. Lójú ọ̀nà Imām Mālik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ló múlẹ̀, ìbáà jẹ́ ìrẹ́pọ̀, ìbáà jẹ́ ìpínyà. Lójú ọ̀nà Imām Abū Hanīfah, wọn kò lè tú yìgì ká àyàfi bí tọkọtaya bá fún wọn láṣẹ. Nítorí náà, kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè ní gbangba pé: ṣé ìdájọ́ ni ẹ fẹ́ kí àwọn àgbà yìí ṣe, àbí kí wọ́n kàn là yín níjà? Bí a kò bá béèrè, ọkọ lè rò pé ìmọ̀ràn lásán ni òun gbọ́, nígbà tí ìdílé ìyàwó ti gbà pé yìgì ti tú.

Hádíìsì Bukhari tún sọ ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo onílàjà há sórí. Barīrah jẹ́ ẹrúbìnrin tó gba òmìnira. Òmìnira yìí fún un ní ẹ̀tọ́ láti yan bóyá òun ó máa bá Mughīth ọkọ òun gbé tàbí òun ò ní í bá a gbé mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ mọ́. Mughīth ń tẹ̀ lé e kiri ìgboro Mẹ̀dínà, omijé ń ṣàn dé irùngbọ̀n rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Ànábì, ó sì bá a bẹ Barīrah. Barīrah béèrè bóyá àṣẹ ni Ànábì pa. Ànábì ní rárá, ìpẹ̀ lásán ni òun ń ṣe. Barīrah ní nígbà náà, òun kò fẹ́ ẹ, Ànábì sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìpinnu rẹ̀. Bí Ànábì Ọlọ́hun kò bá fi ipá mú obìnrin padà sílé ọkọ, kí ni Lèmọ́mù tàbí olórí ẹbí yóò fi ṣe àwíjàre?

Kí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ tó jáde lẹ́nu

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkùnrin tó bínú, tó sọ gbólóhùn ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ti lè ti ilẹ̀kùn tí onílàjà kò ní í lè ṣí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà á sí mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ mìíràn kà á sí ẹyọ kan. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ onímọ̀ tó dáńtọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ má lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́.

Ìkọ̀sílẹ̀ tó tẹ̀ lé ìlànà ní àyè nínú. Ẹyọ kan ni, ìyàwó wà ní ìmọ́tótó, ọkọ kò sì tíì bá a lò pọ̀ nínú ìmọ́tótó náà. Lẹ́yìn rẹ̀, iddah bẹ̀rẹ̀: ó jẹ́ ìgbà nǹkan oṣù 3 fún obìnrin tó ń rí i, oṣù 3 fún ẹni tí kì í rí i, tàbí títí dìgbà tí aláboyún bá bímọ. Nínú iddah ìkọ̀sílẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí èkejì, ọkọ ṣì lè dá ìyàwó rẹ̀ padà láìsí yìgì tuntun. Súrà Talaki, tí í ṣe orí 65, pàṣẹ pé kí ọkọ má lé e jáde, kí òun náà má sì jáde kúrò nínú ilé. Nílẹ̀ wa, ohun àkọ́kọ́ tí a sábà máa ń rí ni ẹrù obìnrin lóde. Ẹni tó ju ẹrù síta ti ju àkókò ìlàjà tó dára jù síta pẹ̀lú rẹ̀.

Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ṣe pàtàkì

Kí onílàjà tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ béèrè irú ìgbéyàwó tó so tọkọtaya pọ̀. Bó bá jẹ́ yìgì nìkan, ọwọ́ ọkọ àti ìyàwó, ìdílé àti àwọn onímọ̀ ni ìtúká rẹ̀ wà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kóòtù ìbílẹ̀ náà máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá tún lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká, lábẹ́ òfin Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló rò pé bí àwọn bá ti sọ gbólóhùn ìkọ̀sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ìgbéyàwó onísọfíkéètì ìjọba ṣì wà nílẹ̀ ti rú òfin ilẹ̀ wa, ìjìyà rẹ̀ sì lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 7.

Òfin yìí kan náà fi àyè sílẹ̀ fún àtúnṣe. Ó ní kí adájọ́ wò bóyá tọkọtaya ṣì lè bá ara wọn rẹ́, ó sì lè sún ẹjọ́ síwájú kí wọ́n lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n bá sọ níbi ìlàjà bẹ́ẹ̀, a kò lè mú un wá ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀sùn kan tí òfin yọ sílẹ̀, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún 2 gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ kó tó lè pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀.

Ibi tí ẹ ti lè rí onílàjà

Ìdílé ló kọ́kọ́ wà, gẹ́gẹ́ bí Àlùkùráánì ti wí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mọ́sáláṣí: Lèmọ́mù, àwọn Ààfáà àti àwọn ìyá àgbà inú àsàláátù. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ìyẹn lọ, àwọn ibi wọ̀nyí wà:

- Ìgbìmọ̀ Sharia aládàádúró ti wà ní Ìbàdàn àti Èkó láti ọdún 2002. Kì í ṣe kóòtù ìjọba. Ìfẹ́ inú àwọn méjèèjì ló ń fún un lágbára, nítorí náà ó yẹ kí àwọn méjèèjì gbà láti lọ.
- Citizens' Mediation Centre, tó wà lábẹ́ Mínísírì Ètò Ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, ń là aráàlú níjà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹjọ́ tọkọtaya àti owó ìtọ́jú ọmọ wà lára ohun tí wọ́n ń gbọ́.
- Lagos Multi-Door Courthouse, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, so mọ́ ilé ẹjọ́ gíga Èkó. Àdéhùn tí ẹ bá ṣe níbẹ̀, bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, ó ní agbára bí ìdájọ́ kóòtù.
- Ní Ìlọrin àti gbogbo Ìpínlẹ̀ Kwara, Area Court ń gbọ́ ẹjọ́ yìgì, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn Sharia sì wà lókè rẹ̀.

Bí ìjókòó ṣe yẹ kó lọ

*Ẹ yan ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn lápò.* Ẹ̀gbọ́n tí ìyàwó sá lọ bá, ọ̀rẹ́ tí ọkọ jẹ lówó, tàbí àlejò ilé tí wọ́n fura sí, kò sí èyí tó yẹ nínú wọn. Ó tún dára kí obìnrin kan tó lọ́gbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ wà tí ìyàwó kò ní í lè sọ lójú ọkùnrin mẹ́fà.

*Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.* Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹ bá ti gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tán, ẹ wá mú wọn jókòó pọ̀, kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì máa gbọ́.

*Ẹ wá ìdí ọ̀rọ̀.* Ká ní ìyàwó sọ pé, "Baálé mi ò kà mí sí." Gbólóhùn yìí kò ṣeé tún ṣe bó ti wà yẹn. Ṣùgbọ́n bí onílàjà bá béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ láti ìgbà tí ọkọ ti fẹ́ ìyàwó kejì ni owó oúnjẹ ti dínkù, tí kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ọkọ náà lè ní, "Ó ń yájú sí mi." Bí a bá béèrè, a lè gbọ́ pé lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni ìyàwó ti béèrè owó náà. Nísinsìnyí, ohun méjì tó ṣeé ṣe ti wà níwájú wa: iye owó àti ọjọ́ tí yóò máa wọlé, àti ibi tí wọn yóò ti máa sọ̀rọ̀ owó.

*Ẹ má parí rẹ̀ lóru ọjọ́ kan.* Ẹni tó ti rẹ̀ máa ń gba ohun tí kò ní í ṣe. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sáàárín ìjókòó kan sí òmíràn.

*Ẹ pa àṣírí mọ́.* Ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe àpẹẹrẹ lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí WhatsApp ẹbí. Ẹ má sì pe ọmọ jáde kó wá yan bàbá tàbí ìyá lójú gbogbo ènìyàn.

Bí ìpínyà bá di dandan

Ìlàjà tó parí sí ìpínyà aláàlàáfíà kò já sí òfo. Ìyàwó Thābit ọmọ Qays wá bá Ànábì, ó ní òun kò rí àlèébù nínú ẹ̀sìn tàbí ìwà ọkọ òun, ṣùgbọ́n òun kò lè bá a gbé. Ànábì béèrè bóyá yóò dá ọgbà tí ọkọ fi fẹ́ ẹ padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànábì ní kí Thābit gba ọgbà rẹ̀, kó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Èyí ni khul‘. Kò sí èébú níbẹ̀, wọn kò sì sọ obìnrin náà lórúkọ burúkú.

Ohun tó yẹ kí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí nìwọ̀nyí:

1. Iddah. Níbo ni ìyàwó yóò gbé, ta ni yóò sì máa bọ́ ọ títí yóò fi parí?
2. Sọ̀dáákì. Bí ó bá ku owó nílẹ̀, gbèsè ni lọ́rùn ọkọ. Bó bá jẹ́ khul‘, kí ni ìyàwó yóò dá padà?
3. Àwọn ọmọ. Lójú ọ̀nà Imām Mālik, ìyá ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọmọ: ọkùnrin títí yóò fi bàlágà, obìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Bàbá ló ni ìnáwó. Bí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ẹ̀tọ́ náà lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti gbà wọlé, fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo.
4. Ọjọ́ ìbẹ̀wò. Ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò ti ṣe Iléyá àti ìtunu àwẹ̀? Ta ni yóò mú wọn lọ sí ilé kéwú?
5. Dúkìá àti gbèsè. Ohun tí ìyàwó fi owó ara rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni. Bí ẹ bá jọ ra ilẹ̀, ẹ mú rìsíìtì wá. Ẹ má gbàgbé àjọ àti owó tí ẹnì kan yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ìnáwó ilé.

Súrà Bakọra, āyah 233, sọ̀rọ̀ nípa fífún ọmọ lọ́mú fún ọdún 2 gbáko, ó sì fàyè gba bàbá àti ìyá láti já ọmọ lẹ́nu ọmú kó tó pé ọdún 2, bí àwọn méjèèjì bá gbìmọ̀ tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Bí Ọlọ́hun bá fẹ́ kí wọ́n gbìmọ̀ lórí ọmú, mélòó mélòó wá ni ilé ìwé àti ìlera ọmọ?

Ìgbà tí kò yẹ ká pe ìlàjà

Bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, bí ẹnì kan bá ń halẹ̀ ikú mọ́ ẹnì kejì, tàbí bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọ, ààbò ló kọ́kọ́ kàn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè bá ẹni tó ń dẹ́rù bà á dọ́gba níbi ìjókòó. Ohunkóhun tó bá gbà níbẹ̀, ẹ̀rù ló gbà á. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé láti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní 2015. Ẹ mú ẹni náà kúrò níbi ewu, ẹ mú un lọ sí ọsibítù kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Mọ́sáláṣí tó bá sọ pé "ẹ lọ fara dà á" fún obìnrin tí ojú rẹ̀ wú, àmáánà ló jẹ.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Āyah tó gùn jù nínú Àlùkùráánì, Bakọra 282, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé. Ẹ̀jẹ́ láàárín bàbá àti ìyá ọmọ kò kéré ju gbèsè ọjà lọ.

"Bàbá yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ" kì í ṣe àdéhùn, nítorí ìjà tuntun ń bẹ nínú rẹ̀. Àdéhùn tó dára yóò sọ iye owó, ọjọ́ tí yóò máa wọlé lóṣooṣù, báǹkì tí yóò gbà wọlé, ẹni tí yóò san owó ilé ìwé àti ẹni tí yóò ra aṣọ ọdún. Yóò sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Yóò sì dá ọjọ́ kan, bíi oṣù mẹ́ta sí i, tí wọn yóò tún jókòó wo bó ṣe ń lọ. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí oníkálukú sì mú ẹ̀dà kan. Bí dúkìá ńlá bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Fún àwọn ará wa ní Ìlú Ọba

Ní England àti Wales, yìgì tí wọ́n so nínú ilé tàbí ní mọ́sáláṣí láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kì í ṣe ìgbéyàwó lójú ìjọba. Ẹni tí irú rẹ̀ bá túká kò ní ẹ̀tọ́ tí òfin fún tọkọtaya lórí ilé àti owó. Láti ọdún 2014, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ tàbí owó ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá onílàjà tó ní ìwé àṣẹ, kó lè gbọ́ bóyá ìlàjà lè bá ọ̀rọ̀ náà mu. Òfin yọ àwọn kan sílẹ̀, títí kan ẹni tí wọ́n ń hùwà ipá sí nínú ilé. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni kò ti pọn dandan mọ́ kí ẹnì kan ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnì kejì lọ́rùn kí kóòtù tó tú ìgbéyàwó ká. Ẹ rántí pé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti ìjọba àti ìtúká yìgì jẹ́ ohun méjì. Ẹ rí i pé ẹ parí méjèèjì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró dọjọ́ tí ilé bá ń jó kí ẹ tó wá ẹni tí yóò pa iná. Lọ́jọ́ yìgì gan-an, ẹ jẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti mọ ẹni tí wọn yóò ké sí bí ọ̀rọ̀ bá dé. Ẹ yan ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì, tó sì lè bá ọmọ tirẹ̀ wí lójú àna rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ìrẹ́pọ̀ sínú ilé wa. Àwọn tí ìpínyà bá sì jẹ́ kádàrá wọn, kí Ó jẹ́ kí wọ́n pínyà pẹ̀lú dáadáa, kí àwọn ọmọ má sì san gbèsè ìjà tí wọn kò dá sílẹ̀. Āmín.